Ọ̀wọ́n, Àlejò àti Osùn: Èdè-Ìperí fún Dídá Ẹyẹ Akùnyùnmù Mọ̀ Níbi Ìgò Omi Ṣúgà

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í ṣe iṣẹ́ kíkó ọ̀rọ̀ jọ lásán. Ọ̀rọ̀ ìperí tí kò lè ran ẹni tí ó ń lò ó lọ́wọ́ láti ya ohun méjì tí ó jọra sọ́tọ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ẹ̀rí ti wà pé èdè yìí lè ru ẹrù ìmọ̀ òde òní. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń dá sílẹ̀ péye tó fún iṣẹ́ tí ó gba ìpinnu: pé ohun báyìí ni èyí, kì í ṣe ohun báyẹn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ọ̀ràn kan ṣoṣo dán ìbéèrè náà wò. Ọ̀ràn náà ni bí ẹni tí ó gbé ìgò omi ṣúgà kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe lè dá ẹyẹ kékeré kan mọ̀, ẹyẹ tí a kì í sábà rí ní agbègbè náà. Ìdí mẹ́ta ni a fi yan ọ̀ràn yìí. Èkíní, ẹyẹ náà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kò sí orúkọ àbáláyé tí atúmọ̀ èdè lè sá dì. Èkejì, ìyàtọ̀ tí a fi ń dá a mọ̀ kéré púpọ̀; ó lè jẹ́ àwọ̀ ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ ìrísí ìyẹ́ ìrù kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní Amẹ́ríkà lónìí, tí ẹyẹ yìí lè fò kọjá níwájú fèrèsé wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èdè abínibí wọn ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò lò?

2. Ẹyẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹbí ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Trochilidae ní irú tí ó ju 360 lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù, pẹ̀lú àwọn erékùṣù tí ó wà nítòsí wọn, nìkan ni gbogbo wọn ń gbé. Kò sí ọ̀kankan ní Áfíríkà. Ẹyẹ tí ó kéré jù lọ ní gbogbo ayé, Mellisuga helenae, wà lára ẹbí yìí. Kúbà ni ilé rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ.

Ní ìdajì Àríwá Amẹ́ríkà tí ó wà ní ìlà-oòrùn, irú kan ṣoṣo nínú ẹbí yìí ni ó ń yé ẹyin, tí ó sì ń pa á níbẹ̀. Irú náà ni Archilochus colubris, tí Linnaeus fún ní orúkọ ní ọdún 1758. Nǹkan bíi gíráàmù 3 ni ìwúwo rẹ̀. Akọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé àti ọ̀fun pupa tí ń tàn. Abo rẹ̀ kò ní pupa lọ́fun, funfun sì wà ní ṣóńṣó àwọn ìyẹ́ ìrù rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà ìwọ́wé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a fò lọ sí Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá fi wọlé, ọ̀pọ̀ ìgò omi ṣúgà a máa dá páropáro.

Ìgbà náà gan-an ni ẹyẹ kejì lè yọjú. Òun ni Selasphorus rufus, tí Gmelin fún ní orúkọ ní ọdún 1788. Ìwọ̀-oòrùn ni ilé tirẹ̀: ó ń pamọ láti agbègbè Oregon títí dé gúúsù Alaska, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a sì lo ìgbà òtútù ní Mẹ́síkò. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ a máa gba ọ̀nà ìlà-oòrùn, wọn a sì lo ìgbà òtútù ní Louisiana, Alabama, Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó wà nítòsí. Ẹyẹ kẹta tí ọ̀rọ̀ kàn ni Selasphorus sasin, tí Lesson fún ní orúkọ ní ọdún 1829. Etí òkun California àti gúúsù Oregon ni èyí ti ń pamọ, òun náà a sì máa ṣèèṣì dé ìlà-oòrùn. Abo àti ọ̀dọ́ ẹyẹ kejì àti ẹ̀kẹta jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Níhìn-ín ni èdè ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

3. Orúkọ ìran: akùnyùnmù

Orúkọ tí a ń bá pàdé nínú àwọn ìwé tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni akùnyùnmù. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe kùn, àti yùnmù tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣàfarawé-ìró. Kùn ni a ń lò fún ìró oyin tí ó ń fò. Yùnmù sì bá ọ̀rọ̀ bíi yànmùyánmú tan. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí kò ṣàjèjì sí èdè wa rárá.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí àwọn èdè mìíràn ṣe. Ní Kúbà, zunzún ni wọ́n ń pe ẹyẹ yìí, ìró apá rẹ̀ ni wọ́n sì ń sín jẹ. Ọ̀nà kan náà ni Yorùbá gbà. Ní Brazil, beija-flor ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ń fẹnu ko òdòdó lẹ́nu. Ìṣe ẹyẹ ni wọ́n wò. Àwọn Faransé a máa pè é ní oiseau-mouche, ẹyẹ-eṣinṣin. Títóbi rẹ̀ ni wọ́n wò. Ọ̀nà mẹ́ta, ìró, ìṣe àti ìwọ̀n, ni gbogbo rẹ̀ tọ́. A fara mọ́ akùnyùnmù nítorí pé ìró náà máa ń jẹ́ àmì tí a kọ́kọ́ fi ń mọ̀ pé ẹyẹ náà ti dé, kí ojú tó rí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ fi kún un pé ìró apá ni, kì í ṣe ti ọ̀nà ọ̀fun. Archilochus colubris a máa lu apá rẹ̀ ní nǹkan bíi ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1, èyí ni ó sì ń fa kíkùn náà.

Àwọn kan lè dábàá pé kí a fi orúkọ àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń fa oje òdòdó nílẹ̀ wa, àwọn ẹbí Nectariniidae, pe àwọn ti Amẹ́ríkà. A kò fara mọ́ àbá yìí. Lóòótọ́, àgógó gígùn àti ìyẹ́ dídán wà lára àwọn méjèèjì, oje òdòdó sì ni àwọn méjèèjì ń mu. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́; irú iṣẹ́ kan náà ni ó sọ wọ́n di ajọra. Àwọn ẹyẹ tí ń fò láìsinmi, tí ìrísí wọn jọ ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ni ó súnmọ́ akùnyùnmù jù lọ nínú ẹbí. Ọ̀rọ̀ ìperí tí ó so ẹni tí kì í ṣe ẹbí pọ̀ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣe kan tún wà tí ó fẹ́ ọ̀rọ̀. Akùnyùnmù lè dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, kí ó sì fò sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ èyí jù lọ ní Yorùbá ni ràbàbà. Àmọ́ bí àwòdì bá ń ràbàbà, ó na apá ni, ó sì ń yí po lókè. Nítorí náà a dábàá ràbàbà-ojúkan fún ti akùnyùnmù, kí ẹni tí ó ń kà má baà ro pé ó na apá bíi ti àwòdì.

4. Ọ̀wọ́n tàbí àlejò?

Ìwé tí ó bá sọ pé ẹyẹ kan kì í wọ́pọ̀ sábà máa ń di "ẹyẹ ọ̀wọ́n" lọ́wọ́ atúmọ̀ èdè. Ìṣòro mìíràn ni èyí. Ọ̀wọ́n ní Yorùbá jẹ mọ́ ohun tí kò pọ̀, ó jẹ mọ́ ohun tí owó rẹ̀ ga, ó sì jẹ mọ́ ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá ka "ẹyẹ mi ọ̀wọ́n" kò ní ronú kan iye. Yàtọ̀ sí èyí, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ lè ní lọ́kàn: ẹyẹ tí iye rẹ̀ ní gbogbo ayé kéré, ẹyẹ tí ó pọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń fara pamọ́, àti ẹyẹ tí ó pọ̀ ní ilé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í sábà dé ibi tí a ti rí i.

Ìsọ̀rí kẹta ni Selasphorus rufus bọ́ sí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ ti ń dín kù, ó ṣì pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá pè é ní ọ̀wọ́n láìṣe àlàyé ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó lè wá sí atúmọ̀ èdè lọ́kàn ni aṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ó sì ṣe kedere, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni ó fi kan ẹyẹ náà. Bí a bá ní ó ṣìnà, a ti sọ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ń lọ. Ohun tí àwọn tí ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ti rí yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ti mú ẹyẹ olórùka kan náà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà ní ìgbà òtútù ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, a fi òrùka sí ẹsẹ̀ Selasphorus rufus kan ní Tallahassee ní Florida. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, a tún mú un ní Chenega Bay ní Alaska, níbi tí ó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ju máìlì 3,500 lọ. Ẹyẹ tí ó jáde ní Florida tí ó sì dé ibi tí irú rẹ̀ ti ń pamọ ní àsìkò tí ó yẹ kò ṣìnà. Ó mọ ilé, ó sì mọ ọ̀nà.

Nítorí náà, àlejò ni ọ̀rọ̀ tí a fara mọ́. Àlejò ní ilé tirẹ̀. Ó wá, yóò sì padà. Ó sì lè tún wá. Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Lékèélékèé a máa dé sí ilẹ̀ wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa lọ, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní aṣìnà. A ó fi àlejò òtútù pe ẹyẹ tí ó wá lo ìgbà òtútù. Aṣìnà yóò wà ní ìpamọ́ fún ẹyẹ tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ìjì ni ó gbé e, tàbí tí a kò retí pé ó lè padà.

5. Ìgò omi ṣúgà

Ohun èlò tí a gbé kọ́ fún ẹyẹ yìí jẹ́ ìgò tí a ṣe ihò kéékèèké sí nísàlẹ̀, tí omi tí a po ṣúgà sí wà nínú rẹ̀. Orúkọ wo ni kí a pè é? Ìdẹ ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé ní àṣà wa, oúnjẹ tí a bá gbé sílẹ̀ fún ẹyẹ ìgbẹ́, pańpẹ́ ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, kò sí pańpẹ́. Ìdẹ yóò sì tún mú èrò mìíràn wá, pé ìgò náà ni kò jẹ́ kí ẹyẹ lọ nígbà tí ó yẹ kí ó lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà: bí ọ̀sán ṣe ń kúrú sí i ni ó ń ta ẹyẹ jí fún ìrìn-àjò, kì í ṣe àìsí oúnjẹ nìkan.

Àwọn kan lè sọ pé oje òdòdó ni ó wà nínú ìgò. Kì í ṣe oje òdòdó. Àwọn mìíràn lè sọ pé omi dídùn ni. Èyí ni ó léwu jù. Olùkà tí a bá sọ fún pé kí ó fi omi dídùn sínú ìgò lè bu oyin sí i, nítorí pé oyin ni adùn tí ó kọ́kọ́ wá sí Yorùbá lọ́kàn. Oyin tí a bù sómi a máa kan, èbu a sì máa hù nínú rẹ̀ kíákíá, èyí sì lè pa ẹyẹ lára. Ohun tí a ń pò ni ìwọ̀n ṣúgà funfun 1 mọ́ ìwọ̀n omi 4. A kì í bu aró pupa sí i. Pupa tí ó wà lára ìgò ti tó láti pe ẹyẹ. A sì gbọ́dọ̀ máa fọ ìgò náà ní ọjọ́ mélòó kan sí ara wọn, pàápàá nígbà tí ooru bá mú. Nítorí náà, ìgò omi ṣúgà ni a dábàá. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó wà nínú ìgò, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún oyin.

6. Àwọ̀

Ní ti àwọ̀ ni iṣẹ́ ìperí ti le jù. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé dúdú, funfun àti pupa ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọ̀ ní Yorùbá, àti pé pupa gbòòrò púpọ̀. Epo pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa àti ènìyàn pupa kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ ọ́ pé ọ̀fun Archilochus colubris pupa, tí ó sì tún kọ ọ́ pé ẹ̀yìn Selasphorus rufus pupa, kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pa ìyàtọ̀ tí gbogbo ìdámọ̀ dúró lé lórí.

A kò nílò láti lọ yá ọ̀rọ̀ kí a tó yanjú èyí. Yorùbá ti pẹ́ tí ó ti ń fi ẹyẹ mọ àwọ̀, tí ó sì ń fi ohun tí a fi ń kun ara tàbí aṣọ pe àwọ̀ ẹyẹ: a so agbe mọ́ aró, a so àlùkò mọ́ osùn, a so lékèélékèé mọ́ ẹfun. Osùn gan-an ni àwọ̀ ẹ̀yìn Selasphorus rufus: pupa tí ó ki, tí ó fi díẹ̀ jọ ìpẹtà irin. Rufus tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn náà, àwọ̀ pupa ni ó ń tọ́ka sí. Nítorí náà, akùnyùnmù olósùn ni orúkọ tí a fún un. Ní ti Archilochus colubris, òkúta iyebíye pupa ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀fun rẹ̀ wé. Nínú Bíbélì Yorùbá, iyùn ni a fi dípò òkúta yìí. Iyùn pupa, ọrùn ni a sì ń so ó mọ́. Akùnyùnmù ọlọ́fun-iyùn nìyẹn.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà lábẹ́ èyí tí ó jinlẹ̀ ju orúkọ lọ. Àwọ̀ osùn tí ó wà lẹ́yìn ẹyẹ náà wà nínú ìyẹ́ gẹ́gẹ́ bí aró ṣe wà nínú aṣọ; ibi tí a bá ti wò ó, osùn ni. Àwọ̀ ọ̀fun kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú ìyẹ́ ọ̀fun ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà kan tí pupa fi ń jáde nígbà tí oòrùn bá kọjú sí i. Bí ẹyẹ bá yí orí díẹ̀, pupa náà a pòórá, ọ̀fun a sì dúdú. A dábàá àwọ̀ àrẹmọ́ra fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé ó rẹ mọ́ ìyẹ́ lára. A sì dábàá àwọ̀ akọmọ̀nà fún èkejì, nítorí pé ó ń kọ mọ̀nà bíi mànàmáná, a kì í sì í rí i nígbà gbogbo.

Ohun tí ó mú kí ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni pé irú kan wà tí ń jẹ́ Archilochus alexandri. Àgbọ̀n akọ rẹ̀ dúdú, ìlà elésè-àlùkò kan sì wà lábẹ́ dúdú náà. Òun náà jẹ́ ẹyẹ ìwọ̀-oòrùn tí ó máa ń ṣe àlejò ní ìlà-oòrùn nígbà òtútù. Ẹni tí ó bá rí ọlọ́fun-iyùn nígbà tí oòrùn kò kọjú sí i, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ọ̀fun rẹ̀ dúdú", ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú orúkọ ẹyẹ mìíràn. Bí ó bá kọ ọ́ pé "ọ̀fun akọmọ̀nà, tí ó dúdú nígbà tí a rí i", ẹni tí ó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀rí kò tíì pé.

7. Ìkó

Yàtọ̀ sí àwọ̀, ìrù ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣe é gbára lé jù. Akùnyùnmù ní ìyẹ́ ìrù 10, ìlàjì 5 ní apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ a máa kà wọ́n láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, láti 1 dé 5. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ya ìyẹ́ ìrù sọ́tọ̀ láti ìgbà pípẹ́: ìkó, ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́. Iṣẹ́ tí ìkó ń ṣe nínú àṣà wa fi hàn pé ojú Yorùbá ti mọ ìyẹ́ ìrù kan gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ní orúkọ tirẹ̀. A dábàá pé kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lójú, kí ìkó di ìyẹ́ ìrù ẹyẹ yòówù nínú èdè-ìperí, kí a sì máa sọ pé ìkó kìíní, ìkó kejì, títí dé ìkó karùn-ún. A mọ̀ pé àwọn kan yóò kọminú pé ti odídẹrẹ́ nìkan ni ìkó. Ìdáhùn wa ni pé bí a bá fẹ́ sọ ti odídẹrẹ́, ìkóódẹ wà, kò sì ní sọnù.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, a lè sọ ohun tí ó ya Selasphorus méjèèjì. Akọ olósùn tí ó ti dàgbà ní ìkó kejì tí etí rẹ̀ gé wọnú nítòsí ṣóńṣó. Akọ Selasphorus sasin kò ní irú gígé bẹ́ẹ̀. Ìkó karùn-ún rẹ̀ ni ó tín-ín-rín gan-an. Ẹ̀yìn akọ sasin jẹ́ àwọ̀ ewé, ti akọ olósùn sì sábà máa ń jẹ́ osùn. Ṣùgbọ́n àwọn akọ olósùn kan wà tí àwọ̀ ewé pọ̀ lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, àwọ̀ ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé nìkan kò tó láti pe ẹyẹ ní sasin; ìkó ni ó ń dájọ́. Fọ́tò tí ó mú ìrù nígbà tí ó fẹ̀ lè tó. Bí kò bá tó, ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti fi òrùka sí ẹyẹ ni ó lè mú un, kí ó sì wọn ìkó rẹ̀.

Ní ti orúkọ ẹyẹ sasin yìí, orúkọ ènìyàn ni ó ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2023, American Ornithological Society kéde ìpinnu láti pa irú àwọn orúkọ ẹyẹ tí a fi ènìyàn sọ báyìí dà. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi gbé orúkọ tí àwọn tí ó ni ín fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Akùnyùnmù sasin ti tó.

8. Láti ìkófìrí dé ìfìdímúlẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe rí nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ìpele mẹ́rin ni a rí. Ìkófìrí ni kí ẹyẹ kọjá fìrí, kí a mọ̀ pé ohun kan wà. Ìkíyèsí ni kí a dúró, kí a wo ẹ̀yìn, ọ̀fun, ìhà àti ìkó, kí a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀ kí a tó ṣí ìwé. Ìdámọ̀ ni kí a fi ohun tí a kọ sílẹ̀ wé àmì irú kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ àwọn tí kò bá a mu kúrò. Ìfìdímúlẹ̀ ni kí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n fi fọ́tò tàbí ìwọ̀n gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìkófìrí kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ ìfìdímúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkọsílẹ̀ méjì tí a fúnra wa kọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ dán èyí wò. Èkíní nìyí:

"A rí ẹyẹ ọ̀wọ́n kékeré kan níbi oúnjẹ ẹyẹ. Ọ̀fun rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ náà pupa."

Èkejì nìyí:

"Ní agogo 8 òwúrọ̀, nínú oṣù kejìlá, a kófìrí akùnyùnmù kan níbi ìgò omi ṣúgà. A kíyè sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ osùn láti ọrùn dé ìdí ìrù, àyàfi àmì àwọ̀ ewé wínníwínní. Ọ̀fun rẹ̀ akọmọ̀nà dúdú nígbà tí ó fi ẹ̀gbẹ́ sí wa. Nígbà tí oòrùn bà á, ó pọ́n bí ẹ̀yinná. Nínú fọ́tò, etí ìkó kejì gé wọnú nítòsí ṣóńṣó. Ìdámọ̀: akọ akùnyùnmù olósùn tí ó ti dàgbà. Ipò rẹ̀: àlejò òtútù. A kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀."

Yorùbá ni àkọsílẹ̀ méjèèjì, gírámà wọn kò sì ní àbùkù. Ṣùgbọ́n èkíní lè jẹ́ ẹyẹ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ ẹyẹ tí kò sí. Èkejì, ẹyẹ kan ṣoṣo ni.

9. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

akùnyùnmù: ẹyẹ yòówù nínú ẹbí Trochilidae.
akùnyùnmù olósùn: Selasphorus rufus.
akùnyùnmù ọlọ́fun-iyùn: Archilochus colubris.
akùnyùnmù sasin: Selasphorus sasin.
àlejò òtútù: ẹyẹ tí ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, tí ó wá lo ìgbà òtútù níbi tí a kì í sábà rí irú rẹ̀.
aṣìnà: ẹyẹ tí ẹ̀rí fi hàn pé kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ dé ibi tí ó wà.
àwọ̀ àrẹmọ́ra: àwọ̀ tí ó wà nínú ìyẹ́, tí kì í yí padà bí ìmọ́lẹ̀ bá yí.
àwọ̀ akọmọ̀nà: àwọ̀ tí dídá ìmọ́lẹ̀ padà ń mú jáde, tí ó ń hàn, tí ó sì ń pòórá.
ìdámọ̀: fífi àmì yan irú kan, kí a sì yọ àwọn yòókù.
ìgò omi ṣúgà: ohun èlò tí a fi omi àti ṣúgà nìkan sí fún akùnyùnmù.
ìkó: ìyẹ́ ìrù, a ń kà á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́.
ràbàbà-ojúkan: dídúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú lílu apá.

10. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè yìí, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ti wà nínú èdè wa: osùn, iyùn, ìkó, àlejò, ràbàbà. Ohun tí a ṣe ni pé a yàn wọ́n, a pààlà sí wọn, a sì sọ ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ. A gbà pé ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí àwọn atúmọ̀ èdè àti olùkọ́ máa kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n tó yá ọ̀rọ̀, pàápàá ní ìmọ̀ tí ó jẹ mọ́ ohun tí a ń fi ojú rí. Kí a sì máa bi ara wa ní ìbéèrè kan nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá dábàá: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, tí ó sì dúró níwájú ohun méjì tí ó jọra, ṣé yóò lè mọ èyí tí ó ń wò? A rọ àwọn tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí pé kí wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì wọn. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú wọn, kí wọ́n jẹ́ kí a mọ̀, kí a lè pààrọ̀ rẹ̀.